Mo ní kó fún mi ní nọ́ḿbà 2000, ó gé sánpépà ₦2,000 fún mi

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ bí sánpépà yìí ṣe dáa tó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán.

Àwa tá a máa ń to mọ́tò kékeré oníke, a mọ̀ pé kíkùn ẹ̀ kọ́ ni wàhálà, dídán ẹ̀ ni. Fókísì ìjàpá ti Tamiya, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe irú mọ́tò yìí, ni mo ń ṣe, ìwọ̀n 1/24 (mọ́tò gidi gùn jù ú lọ nígbà 24), gígùn ẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Mo ti fi ọ̀dà búlúù fín in, mo fi kílíà, ọ̀dà tí ò láwọ̀ tó ń mú un dán, lé e, mo gbé e pamọ́ títí mo fi ń gbóòórùn ara ẹ̀ tí ọ̀dà ò rùn mọ́. Ojú kílíà yẹn ò wá tẹ́jú, ó rí wúruwùru, sánpépà olómi, èyí tí wọ́n ń fi omi gbo, ló sì máa ń tún irú ẹ̀ ṣe. Bí nọ́ḿbà ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń kúnná sí i.

Bí mo ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ọ̀dà mọ́tò lápá Oríta Ọláìyá níbí l'Óṣogbo nìyẹn, mi ò dárúkọ o. Mo sọ fún ọmọọṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ketekete pé, "Fún mi ní sánpépà olómi, nọ́ḿbà 2000." Ó ní "Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n." Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú jáde, ó ti gé gbogbo ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Tú taósàn lowó ẹ̀. Mo san. Ẹ sì wò ó, nọ́ḿbà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́yìn sánpépà, ibi tí nọ́ḿbà yẹn wà gan-an ló gé dànù! Nínú gbogbo èyí tó kó fún mi, lẹ́tà kan àbọ̀ péré ló kù lẹ́yìn ọ̀kan.

Tó bá ti rin omi, ọwọ́ ò tètè mọ 800 yàtọ̀ sí 2000 o. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbo ó díẹ̀, mo nu omi kúrò, mo tan iná fóònù sí i... yéè! Ilà gbọọrọ gbọọrọ láti iwájú títí dé ìdí gíláàsì, ibi tó yọ gẹ́gẹ́ láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, kílíà ti lọ, búlúù ti lọ, práímà, ọ̀dà àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀, ló ń wò mí.

Mo gbé mọ́tò mi, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní 2000 náà. Ti 2000 ni mo gé." Mo ní nọ́ḿbà ni mo sọ, mi ò sọ owó! Ó ní ṣé sánpépà máa ń ní nọ́ḿbà tó tóyẹn ni, pé 800 làwọn sípíreyà ń rà jù lọ́wọ́ òun. Àlhájà tó ni ṣọ́ọ̀bù ń kawó lọ ní tiẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ mi, ọjà tó ti rin omi, ta ló fẹ́ gbà á padà?" Mo ní, "Màámi, ọmọ yín ló ṣì í gé." Ó ní, "Má bínú, Ọlọ́run á pèsè òmíì." Ẹ gbà mí, ṣé Ọlọ́run ló gé sánpépà ni?

Bàbá sípíreyà kan wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ibẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n po ọ̀dà fóun. Ó nawọ́ gba ìjàpá mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló máa wá wọnú èyí?" Ó ní kí wọ́n mú 1500 àti 2000 wá, odindi, kóun rí ẹ̀yìn ẹ̀. Inú mi ò tíì rọ̀ o, mo kàn dúró ni. Ó bu omi sínú abọ́, ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ó rẹ sánpépà sí i títí ó fi rọ̀. Ó gé sílípáàsì àlòkù ní kékeré, ó fi sánpépà wé e, ó ní ìka ò tẹ́jú, ibì kan ló máa ń tẹ̀ jù. Ó ní kí n má fọwọ́ kan etí àti ibi tó bá yọ gẹ́gẹ́ títí dìgbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ lọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. (Èmi máa ń fi tépù bo tèmi báyìí.)

Ó wá fi 1500 gbo òrùlé, ó rọra ń ṣe é, kò tẹ̀ ẹ́ rárá, ó ń bomi sí i. Omi tó ń ṣàn níbẹ̀ funfun. Ó ní tí n bá ti rí búlúù nínú omi yẹn, kí n dúró lójú ẹsẹ̀, kílíà ti tán nìyẹn. Ó nu ún: ibi tó ti tẹ́jú ò dán, ibi tó ṣì jìn wọnú ń dán tótòtó, ó ní títí gbogbo tótòtó yẹn á fi pòórá ni. Ó wá fi 2000 gbo ó ní ìbú, kó lè pa ilà 1500 rẹ́, ó fi rọ́bìn kọ́ḿpáǹdì, ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà, àti àkísà rírọ̀ parí ẹ̀. Mo rí gílóòbù ṣọ́ọ̀bù wọn lórí òrùlé yẹn, àti fílámẹ́ǹtì inú ẹ̀!

Omi ni gbogbo àṣírí ẹ̀, òun ló ń gbé ìyẹ̀fun ọ̀dà kúrò kó má dí sánpépà, kí ike má sì gbóná. Ilé iṣẹ́ 3M l'Amẹ́ríkà ti ń ta irú sánpépà olómi yìí láti 1921, nítorí eruku tó ń pa àwọn tó ń kun mọ́tò lára. Sánpépà 2000 gidi yẹn dáa, mi ò lè purọ́, mo ti lò ó sí mọ́tò míì, kò ya, kò bó.

Ṣùgbọ́n Àlhájà gba owó 1500 àti 2000 pé, kò dín kọ́bọ̀, ó ní kí n mu píọ̀ wọ́tà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, mo ní láti tún un kùn látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ yẹn sì tún ti ń gé nọ́ḿbà dànù fún oníbàárà míì bí mo ṣe ń jáde.

Màákì tí mo fún sánpépà yẹn: 5 nínú 5. Ṣọ́ọ̀bù ní tiwọn, ₦2,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn o.