Viewing center kan l'Ádó tó ń fi rugby league hàn: ibẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti owó ẹnu ọ̀nà

Ẹ̀yin ará Adó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ni mo ń wá kiri ní apá Básírì lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kẹ́ ẹ ní sùúrù, tí mo bá ti lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta màá sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, mo sì ti lọ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta báyìí. Viewing center ni. Mo mọ̀ pé viewing center ò wọ́n l'Ádó, àdúgbò wo ni kò sí, ṣùgbọ́n eléyìí yàtọ̀ torí pé lọ́jọ́ Sátidé, kí bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá tó ni ibẹ̀ máa ń fi rugby league hàn, àwọn eré àtijọ́ tó ti kó sórí fláàṣì, á máa dá a dúró, á máa ṣàlàyé fún wa bíi tíṣà. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí mo ní ẹ̀sùn kan tí mo fẹ́ rò, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Yàrá gbọọrọ ni, tíví ńlá méjì ló wà níwájú, kò sí ibi tẹ́ ẹ jókòó sí tẹ́ ẹ ò ní rí i. Bẹ́ńṣì onígi ni, kò lẹ́yìn, ẹni tí ẹ̀yìn bá máa ń dùn kó mú tìmùtìmù dání. Fáànù mẹ́rin ló wà, mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìnkùlé wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù yí i ká, tí iná bá lọ kì í tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n á fi tan án, ariwo ẹ̀ kì í sì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mu sìgá nínú ilé, ìyẹn ṣe pàtàkì sí mi torí mo máa ń mú ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi dání. Ìyá kan wà níta tó ń ta iyán, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ẹ gbà mí gbọ́, iyán yẹn ò ní kókó kan báyìí, ó ń fà, ó gbóná, ẹ̀fọ́ rírò rẹ̀ kún fún pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ. Tí ẹ ò bá tiẹ̀ fẹ́ wo nǹkankan, ẹ lọ torí iyán.

Ọ̀gá náà, Bọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é, ti gbé Èkó rí, ibẹ̀ ló ti bá àwọn kan gbá rugby, tó bá sì ti ń sọ bí Nàìjíríà ṣe na Morocco l'Ékòó ní October 2019 tí wọ́n fi gba ife MEA, ìyẹn ife rugby league ti Middle East àti Áfíríkà, ojú ẹ̀ á máa tàn. Òun ló là mí lójú pé rugby méjì ló wà. Èyí tó lókìkí jù, èèyàn 15 ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, union nìyẹn. League jẹ́ 13. Ọdún 1895 ni wọ́n pínyà ní Huddersfield, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ owó ló dá a sílẹ̀, àwọn awakùsà àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé ń pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, kíláàbù wọn fẹ́ máa san án padà fún wọn, àwọn aláṣẹ ní èèwọ̀, ni àwọn kíláàbù àríwá bá dá tiwọn sílẹ̀. Nínú league yìí, tackle mẹ́fà ni ẹgbẹ́ tó mú bọ́ọ̀lù ní, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n lè dì wọ́n mú, tó bá ti pé mẹ́fà kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ta á tó bá ti ku ẹyọ kan. Try, ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ilé ẹgbẹ́ kejì kí wọ́n fi kan ilẹ̀, jẹ́ máàkì mẹ́rin, tí wọ́n bá ta bọ́ọ̀lù wọ àárín òpó lẹ́yìn ẹ̀, méjì lé e. Wàyí o, tí ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́lé bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí wọ́n ta sí wọn, tó sì padà sọ́wọ́ àwọn tó ta á, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́fà míì nìyẹn. Rẹfirí á na ọwọ́ sókè á máa jù ú kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ẹ fi ọwọ́ yẹn sọ́kàn.

Sátidé kejì tí mo lọ, àṣekágbá NRL, líìgì rugby league tó ga jù lọ ní Ọsirélíà, ló gbé sí i, 6 October 2019, Sydney Roosters àti Canberra Raiders, èrò tó lé ní 82,000 ló wà ní pápá. Láti 1994 ni Raiders ò ti dé àṣekágbá mọ́, ẹ wo ọdún 25 gbáko. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti ń ṣe wọ́n, Raiders fi ara dí bọ́ọ̀lù tí Roosters ta, bọ́ọ̀lù ń yí lọ sẹ́yìn Roosters, ó lọ kọlu ọ̀kan nínú àwọn trainer Roosters fúnra wọn tó wà lórí pápá, rúùlù wá ní kí wọ́n ṣe scrum, ìyẹn kí àwọn tibí tọ̀hún forí korí kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sáàárín wọn, Roosters ló sì gba bọ́ọ̀lù scrum náà. Gbogbo ilé pariwo. Mo bi Bọ̀dá pé ṣé bí rúùlù ṣe sọ lóòótọ́ nìyí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gba oorun lójú mi. Ọ̀rọ̀ ti di 8-8, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Raiders wà lẹ́nu ọ̀nà Roosters, wọ́n ta bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run, àwọn tibí tọ̀hún fò sí i, ó padà sọ́wọ́ Raiders. Ben Cummins tó jẹ́ rẹfirí na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú, mẹ́fà míì! Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Jack Wighton, ó rò pé tackle mẹ́fà ló wà nílẹ̀, kò yọ ara ẹ̀ lẹ́nu láti ta á, ó gbé e sáyà ó jẹ́ kí wọ́n di òun mú. Àṣé àwọn tó kù lára àwọn rẹfirí ti sọ sí Cummins létí pé ọwọ́ Roosters ò kàn án, òun náà ti yí i padà, ó ń pariwo pé èyí tó kẹ́yìn nìyí, èyí tó kẹ́yìn nìyí. Nínú ariwo èèyàn 82,000, ta ló máa gbọ́? Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Raiders, kò pẹ́ kò jìnnà James Tedesco jẹ try fún Roosters, 14-8 ló parí sí. Wighton yẹn ni wọ́n fún ní mẹ́dàlì ẹni tó gbá a dáa jù lọ lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ tó pàdánù ló sì wà.

Bọ̀dá dá a dúró síbi tí ọwọ́ wà lókè. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọwọ́ Cummins fi wà lókè lórí tíví méjèèjì, ilé dà rú.

Bàbá kan wà níbẹ̀, tíṣà ni wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní rẹfirí ò jẹ̀bi, tó bá ti ṣì í tó sì tún un ṣe, kí lẹ tún fẹ́? Ohun tí àwọn aláṣẹ NRL náà sọ lẹ́yìn eré ọ̀hún kò jìnnà sí i, wọ́n ní ibi tí ìpinnu náà parí sí ló tọ́. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò gbà. Mo gbà pé tackle yẹn ló kẹ́yìn lóòótọ́, ọwọ́ Roosters ò kàn án, ó dáa. Ṣùgbọ́n Wighton ò gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ohun tó wà lọ́kàn rẹfirí, ohun tí rẹfirí fi hàn án ló bá gbá. Ká ní kò rí ọwọ́ yẹn, ó máa ta bọ́ọ̀lù ni, bóyá tibí bóyá tọ̀hún, ṣùgbọ́n kò ní jókòó tì í. Bàbá tó bí mi, ọ̀ta ni wọ́n nídìí ayò, tí ọmọ ayò bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ tó bọ́ sínú ihò, ó ti bọ́ nìyẹn, o ò lè ní o ṣì í kà, kẹ́ni tó jókòó kọjú sí ẹ má sì ta èyí tó fẹ́ ta. Tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn ti ṣi ọwọ́ nà, kí wọ́n fọn fèrè, kí wọ́n dá eré dúró, kí wọ́n sọ ọ́ fáwọn méjèèjì létí, kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àánú Cummins náà ṣe mí o, torí lọ́dún yẹn rẹfirí méjì ló wà nínú pápá, àwọn tó wà létí ìlà tún wà, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ sí i létí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2020 wọ́n dín rẹfirí inú pápá kù sí ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí káputéènì lè máa pe ìpinnu rẹfirí níjà, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún Raiders?

Ó wá ku ti owó. Sátidé kẹta tí mo lọ, ọmọkùnrin tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà gba ₦500 lọ́wọ́ mi, mo bi í, mo ní àbúrò, ṣé ti rugby àti ti bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí, ó juwọ́ sí wa, ẹ máa wọlé, ẹ máa wọlé. Nígbà tí rugby parí, a ti jókòó dáadáa, ọmọkùnrin yìí tún dé, ó ní ₦500 míì, pé eré kan ni ₦500, bí ọ̀gá ṣe ní kí òun máa gbà á nìyẹn. Inú bí mi. Kì í ṣe torí ₦500, iyán tí mo ti jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo béèrè, ó sì dá mi lóhùn, ohun tó sọ ni mo tẹ̀ lé tí mo fi jókòó. Ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí, "Ìwọlé ₦500" nìkan ló wà níbẹ̀, kò sọ eré kan, kò sọ ọjọ́ kan. Bàbá tíṣà náà ti sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ ọjọ́sí ló dé yìí.

Wọ́n pe Bọ̀dá. Ó gbọ́ ti ọmọkùnrin náà, ó gbọ́ tèmi, ó ní lóòótọ́ ₦500 ni eré kan, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, ọmọ òun ló ṣì í sọ. Àyà mi já, mo rò pé ó máa ní ká sanwó. Ó ní ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti juwọ́ sí yín pé kẹ́ ẹ wọlé, ẹ jókòó, gbogbo ẹni tó ti wà nínú ilé kò ní san nǹkankan mọ́ lónìí, ó dá owó Bàbá padà fún wọn. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára ògiri lójú gbogbo wa: "Eré kan ₦500. Méjèèjì ₦800." Kò bá ọmọkùnrin yẹn jà, ó kàn ní kó máa ka ohun tó wà lára ògiri fún ẹni tó bá béèrè. Mo wo gbogbo eré ìrọ̀lẹ́ yẹn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Torí náà ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ tètè dé kí agogo mẹ́ta tó lù, bẹ́ńṣì iwájú kì í pẹ́ kún. Ẹ mú owó kékeré dání, wọn kì í ní ṣéńjì, POS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sì máa ń ti ilẹ̀kùn nígbà míì. Ilé ìyàgbẹ́ wọn mọ́ ṣùgbọ́n omi gárawá ni, kò sí ẹ̀rọ omi. Fáànù kẹrin yẹn, wọ́n ti ní àwọn máa tún un ṣe látìgbà tí mo ti kọ́kọ́ débẹ̀.

Ohun kan ṣì kù lára ògiri náà. Kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí iná bá lọ ní àárín eré tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, ṣé wọ́n á dá owó padà ni àbí ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ní òótọ́ ni, òun ò rò ó débẹ̀, òun á kọ ọ́ sí i kó tó di Sátidé. Màá lọ wò ó.