Róòmù pẹ̀lú Màámi: Àgbéyẹ̀wò ètò ìrìnàjò ọjọ́ márùn-ún tí mo rà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Méjì nínú mẹ́ta yẹn, ti físà ni. Ẹyọ kan tó kù, obìnrin tó mú wa rìn ní Vatican ló ni ín. Mi ò ní dárúkọ ejẹ́ǹtì náà, torí a ṣì jọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá díẹ̀ padà nínú owó mi lẹ́yìn ariwo. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ wo Róòmù fún ìgbà àkọ́kọ́, kó jókòó kó kà á.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni màámi láti kékeré. Ọdún Júbílì ni 2025, èyí tí ìjọ máa ń ṣe ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n-mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n sì ti ṣí Ilẹ̀kùn Mímọ́ (èyí tí èrò máa ń gbà wọlé lọ́dún Júbílì nìkan) ní Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ ní Vatican láti alẹ́ 24 Oṣù Kejìlá 2024. Màámi ní, "Sọlá, mo ti pé àádọ́rin. Ṣé ìgbà tí mo bá pé márùndínlọ́gọ́rùn-ún lo fẹ́ kí n wọ bàálù?" Kí ni mo fẹ́ fi dáhùn? Mi ò ráyè fún wàhálà ìwé, mo bá ra ètò tí gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀: físà, bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì òru mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ibi tí a máa wọ̀, àti ẹni tí yóò mú wa rìn fún ọjọ́ kan. Oṣù Kẹwàá la lọ.

Ti físà, wọ́n mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá mú páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. 90 yúrò ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí wọn ò bá sì fún ọ, owó ti lọ nìyẹn. O máa ní ìwé adójútòfò ìlera tó lè san 30,000 yúrò ó kéré tán. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò lo ti lè fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ méjì ti pẹ́ jù. Ohun tí èmi ì bá má mọ̀ ni ti àkáǹtì màámi. Àkáǹtì wọn dákẹ́ rọ́rọ́: owó tí mo ń fi ránṣẹ́, owó ẹgbẹ́, ó parí. Ejẹ́ǹtì ní kí n kọ lẹ́tà pé èmi ni mò ń náwó ìrìnàjò náà, kí n fi ìwé ẹ̀rí ìbí mi tì í kí wọ́n lè rí i pé ìyá mi ni lóòótọ́. Wọ́n to ìwé náà bí ẹni to aṣọ òkè sínú àpótí. A rí físà gbà. Mo tún lè sanwó fún èyí lọ́la.

Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì!

Ejẹ́ǹtì gba 40 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún "ìforúkọsílẹ̀ Ilẹ̀kùn Mímọ́". Orí ìlà la wà ní Piazza Pia, níbi tí àwọn èrò ti ń kó ara wọn jọ kí wọ́n tó tẹ̀lé àgbélébùú onígi lọ sí bàsílíkà, tí obìnrin ará Ẹnúgu kan bi mí pé ta ló bá wa forúkọ sílẹ̀. Mo sọ iye tí a san fún un. Ó wò mí, ó tún wo màámi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ bàsílíkà náà fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò àpò nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò jẹ́ kí màámi gbọ́, torí wọ́n ti ń ka ròsárì wọn. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ láti Abẹ́òkúta dé Èkó láì mí!

Ọjọ́ kejì ni ti Colosseum, gbọ̀ngàn eré ńlá ayé àtijọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ máa ń ní orúkọ lára, wọ́n sì lè fi wé páásípọ́ọ̀tì rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Felicia ni orúkọ ìrìbọmi màámi, òun ló wà nínú páásípọ́ọ̀tì. Ẹ mọ ohun tí ejẹ́ǹtì kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì? "Mama Sola". Bí wọ́n ṣe fi nọ́ńbà màámi pamọ́ sórí WhatsApp náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi orí. Màámi fi Yorùbá dá a lóhùn pé, "Ṣé èmi kọ́ ni Mama Sọlá ni?" Mo pe Èkó, fóònù dún títí. Wákàtí kan la fi dúró nínú oòrùn kí n tó ní ká máa lọ.

Lálẹ́, mo wọ ìkànnì ìjọba tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n máa ń kó wọn síta, àwọn oníṣòwò sì máa ń yára gbé wọn, àmọ́ orí bá mi ṣe é, mo rí méjì fún ọ̀túnla ní ìrọ̀lẹ́. 18 yúrò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, Palatine àti Forum, àwókù ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wà nínú ẹ̀. Ejẹ́ǹtì ti gba 55.

A wọlé níkẹyìn. Titus ọba Róòmù ló ṣí i ní ọdún 80, nǹkan bí 50,000 èèyàn ló sì ń gbà. Nígbà tí mo kà á fún màámi pé àwọn ará Róòmù ìgbà náà kì í sanwó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, wọ́n ní, "Ó dáa, wọn ò ní ejẹ́ǹtì." Àgbélébùú tó wà níbẹ̀ ni wọ́n lọ dúró tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tí màámi máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dọọdún.

Ìràwọ̀ kẹta wá ńkọ́? Obìnrin ará Ítálì kan tí ewú ti gba orí rẹ̀ ni wọ́n yàn fún wa ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican. Bó ṣe rí i tí màámi di orúnkún mú ló lọ yá kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Àwọn tó ń mú èèyàn rìn kì í sọ̀rọ̀ nínú Sistine Chapel, ilé àdúrà tó wà nínú ibẹ̀, nítorí náà ìta ló ti sọ gbogbo ìtàn rẹ̀ tán: pé láti 1508 sí 1512 ni Michelangelo fi ya àjà ilé náà, àti pé orí ìdúró ló wà, tó gbójú sókè, kì í ṣe pé ó dùbúlẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń wí. Màámi ní, "Ọdún mẹ́rin! Ọrùn rẹ̀ ò ṣẹ́?" Ẹ má ya fọ́tò nínú ibẹ̀ o, wọ́n máa jágbe mọ́ yín. Kí aṣọ yín sì bo èjìká àti orúnkún.

Àléébù tó ku ni pé wọ́n fún ètò náà jù. Lẹ́yìn Vatican, ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni wọ́n to Trevi, Pantheon, Piazza Navona àti àtẹ̀gùn Spáníìṣì sí. Òkúta kéékèèké ni wọ́n fi tẹ́ títì àárín ìlú yẹn, kò sì ṣàánú orúnkún àgbà. Nígbà tí a dé àtẹ̀gùn Spáníìṣì, màámi kàn fìdí lélẹ̀. Ọlọ́pàá fọn fèrè! Láti 2019 ni wọ́n ti fòfin de jíjókòó síbẹ̀, owó ìtanràn sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mú àgbà lọ, ibi méjì tó lóòjọ́. Ẹ mú ike omi dání, torí omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn lójú títì káàkiri ìlú ṣeé mu, ó sì tutù nini.

Àwọn ibi tí inú màámi dùn sí jù, kò sí nínú ètò ejẹ́ǹtì. Bàsílíkà Santa Maria Maggiore ò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì wa lẹ́bàá Termini, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Póòpù Francis sí, ẹni tó kú ní 21 Oṣù Kẹrin 2025, orúkọ rẹ̀ lásán ló sì wà lára ibojì náà: Franciscus. Èkejì ni Scala Santa, àtẹ̀gùn mímọ́ tí ìtàn ìjọ ní Jésù gùn lọ bá Pílátù. Ìpele 28 ni, ìkúnlẹ̀ nìkan ni wọ́n sì fi ń gùn ún. Àtẹ̀gùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò bá lè kúnlẹ̀, mo sì ti nà án sí wọn. Ẹ gbọ́, obìnrin tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kúnlẹ̀, ó sì gun gbogbo rẹ̀ dé òkè. Èmi tí mo ṣe ọ̀dọ́, ìpele kẹsàn-án ni mo ti ń wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni màámi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè Fátímà, ibi mímọ́ Màríà ní Pọ́túgà. Mo ti kọ̀wé sí ejẹ́ǹtì náà lórí WhatsApp: físà nìkan o. Mo sì kọ "Felicia" ní lẹ́tà ńlá.