Putter PING Sigma 2: ọ̀pá tó ṣeé fà gùn, tó ṣeé sọ di kúkúrú

Láti íńṣì 32 dé 36 ni gígùn ọ̀pá PING Sigma 2, putter (igi gọ́ọ̀fù tí a fi ń rọra gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò) tí ilé iṣẹ́ PING gbé jáde lọ́dún 2018. Ẹ ò ní gé páìpù, ẹ ò ní bó rọ́bà ìdìmú. Sípánà kékeré kan la máa ń kì bọ ihò tó wà lórí rọ́bà náà, a ó máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí gígùn ọ̀pá á fi bá wa mu. Ojú irin rẹ̀, ibi tó ń kan bọ́ọ̀lù, náà dáa: Pebax (irú ike kan tó máa ń rọ̀) onípele méjì ni wọ́n fi sí i, èyí tó rọ̀ wà níwájú fún bọ́ọ̀lù ìtòsí, èyí tó le wà lẹ́yìn fún ti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá lọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ tó ṣòro jù ni pé kí ọ̀pá gùn kí rọ́bà má sì yí. Rọ́bà putter tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí àtàǹpàkò ń sinmi lé, ibẹ̀ lọwọ́ fi ń mọ ibi tí ojú irin kọ sí. Àwọn ọ̀pá pọ́ọ́kú tí wọ́n ń lọ́ pa bíi ẹsẹ̀ kámẹ́rà máa ń kùnà níbẹ̀: iyanrìn á wọ ìdè, ìdè á máa yọ̀, rọ́bà á ti yí kí ẹni tó ń gbá a tó fura. Ẹni tó bá ní òun á kàn fá ẹ̀gbẹ́ kan páìpù pẹrẹsẹ kó má baà yí, òfin ń dúró dè é: ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ bákan náà, ẹ̀gbẹ́ yòówù kí wọ́n yí i sí.

Àbùkù rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pá ń gùn, orí ò yí padà. Ìdajì íńṣì tí ẹ bá fi kún un máa ń gbé swingweight (bí orí ṣe ń wúwo tó lọ́wọ́ tí a bá ń fì í) sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta. Nítorí náà, orí tó ṣe rẹ́gí ní 34 á wúwo lọ́wọ́ ní 36, á sì fúyẹ́ ní 32. Bí ọ̀pá bá sì gùn jù fún yín, imú orí á gbé sókè, gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa họ koríko. Lójú tiwa, nǹkan bí íńṣì kan nínú mẹ́rin yẹn ló wúlò fún ẹnì kan. A kì í fi putter gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú eré, ló ṣe ṣeé gbà bẹ́ẹ̀. Lórí driver, igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù, ìyípadà yẹn á ba bí ọ̀pá ṣe ń tẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wá gígùn tiyín, ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró, kí apá rọ̀ wálẹ̀, kí ojú wà lókè bọ́ọ̀lù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 33, kí ẹ máa fi ìlàrin íńṣì kún un. Ẹ fi àtíkè pa ojú irin, ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ní gígùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo gígùn tí àmì bọ́ọ̀lù ti ṣù jọ sójú kan jù. Ẹ wá fi téèpù wọn gígùn yẹn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó rọ́bà, ẹ bá ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé ìsàlẹ̀ orí. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sípánà sílé. Òfin gbà kí putter ṣeé tún ṣe, bí kò bá ti rọrùn láti tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, tí kò sì ní máa tú lórí pápá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yí gígùn padà láàárín ìpele eré kan (round) nínú ìdíje, tó sì fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á lé e jáde ni. Bó bá dá a padà sí bó ṣe wà kó tó gbá a, kò sí ìyà.

Ọ̀dọ́ tó ṣì ń ga ló máa jèrè rẹ̀ jù. Fún ọmọ kékeré, 32 ṣì gùn jù.