VirtualBox lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ l'Ábújá: bó ṣe ṣe sí mi lọ́wọ́

Ẹni tó fẹ́ kọ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, láì nu Windows kúrò lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, VirtualBox ni mo máa ń ní kó lò: ó ń jẹ́ kí ètò kejì ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé lórí Windows. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo RAM rẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ 4GB, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú: Windows á ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù ò lè gbé Ubuntu, irú Linux kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó fi ètò Rufus kọ ISO, fáìlì tó gbé Ubuntu lódindi, sórí flash, kó bọ́ọ̀tù láti ibẹ̀, ìyẹn ni pé kó tan kọ̀ǹpútà láti orí flash. 8GB ni tèmi, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Wuse. Mo gé 4GB fún Ubuntu, Windows ń fi ìyókù gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà ni VirtualBox ń ṣe. Á ya RAM, àyè díìsìkì àti ìpín kan nínú CPU sọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó wà nínú fèrèsé yẹn á sì gbà pé òun nìkan ló ni gbogbo ẹ̀. Innotek ti Jámánì ló kọ́kọ́ gbé e jáde, Sun rà á ní 2008, Oracle sì ra Sun ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni. Extension Pack, àfikún VirtualBox, nìkan ni kí ẹ ka àdéhùn rẹ̀ dáadáa: ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹ̀kọ́ ò san kọ́bọ̀, ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ǹsì.

Dátà ló gbowó lọ́wọ́ mi. ISO Ubuntu 24.04 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6GB, dátà òru ni mo fi gbé e wálẹ̀. Bó bá ti wọlé tán, ẹ má tíì tan nǹkan kan. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì náà, àti SHA256, kí ẹ fi ohun tó gbé jáde (nọ́ńbà àti lẹ́tà tó dà bí ìtẹ̀ka fáìlì náà) wé èyí tí Ubuntu kọ síta. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì yẹn kò pé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo èyí, bí iṣẹ́ bá wá kú sí àárín, wọ́n á ní VirtualBox ló ń ya wèrè. Ẹni tí dátà rẹ̀ ò tó lè mú Debian netinst, Linux mìíràn, kò tó 1GB, àmọ́ á ṣì máa fa ìyókù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

VT-x, ohun tó ń jẹ́ kí CPU Intel lè gbé kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà, wà ní pípa lórí tèmi nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé), mo ní láti wọ ibẹ̀ lọ tàn án. Lórí AMD, SVM ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀. Láìsí i, Ubuntu 64-bit ò ní gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fojú sí ìsàlẹ̀ fèrèsé bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí ìjàpá aláwọ̀ ewé níbẹ̀, Hyper-V, ètò Windows tó ń ṣe irú iṣẹ́ VirtualBox, ló ti gba VT-x mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo nǹkan á sì máa wọ́. (Ìjàpá ò kúkú wá síbì kan fún ire rí.) Ẹ pa Hyper-V àti Memory Integrity (ààbò Windows kan tó ń lo ohun kan náà), kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo WSL2, Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows, ò lè pa á, kó fara mọ́ ìjàpá rẹ̀.

Bíbọ́ọ̀tù gan-an ò le: New, orúkọ, ẹ tọ́ka sí ISO, Start. VirtualBox 7 fẹ́ máa bá èèyàn dáhùn gbogbo ìbéèrè fúnra rẹ̀. Mo máa ń kọ̀, mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń bi mí. Bí ẹ bá rí "No bootable medium found", ISO ò sí nínú ẹ̀rọ ni.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná. Ní Kubwa níbí, wọn kì í bẹ èèyàn kí wọ́n tó mú un lọ, bátìrì tòkunbọ̀ ò sì ní sùúrù. Bí iná bá ti lọ, mo máa ń ti fèrèsé náà, mo sì mú "Save the machine state". Gbogbo ohun tó wà nínú RAM Ubuntu á lọ sórí díìsìkì. Nígbà tí iná bá dé, àṣẹ tí mo ti tẹ dé ìdajì á ṣì wà níbẹ̀.

Snapshot, àwòrán bí ẹ̀rọ ṣe wà tí a lè padà sí, náà ń kọ́? Àbúrò mi, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ń wárìrì wá bá mi: "Bọ̀dá mi, mo ti pa nǹkan rẹ́ nínú /etc o." (Ibẹ̀ ni fáìlì ìṣètò Ubuntu wà.) Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà, kó lọ sí Snapshots, kó tẹ Restore. Ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ snapshot ń jẹ àyè, orí díìsìkì kan náà ló sì wà. Bí díìsìkì bá kú, òun náà kú. Ẹ kó iṣẹ́ yín síbòmíràn.

Ẹ fi Guest Additions, àfikún VirtualBox fún Ubuntu, sí i, kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀, kí ẹ lè máa kọ́pì nǹkan láti Windows. Díìsìkì tó ń yí ò bá a lọ rárá, SSD, èyí tí kì í yí, ni kí ẹ wá. Fún géèmù tàbí gígé fídíò, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lò ó.