Àgbéyẹ̀wò ètò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé-ìwé: ìṣẹ́jú mélòó lọmọ ń lò nínú omi?

Fọ́tò adágún ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ búlúù kì í wọ́n nínú ìwé ìpolówó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn kò sọ nǹkan kan fún òbí. Ilé-ìwé lè ní adágún tirẹ̀, kí ọmọ ibẹ̀ má sì lè léfòó. Òmíràn ń kó ọmọ lọ sí adágún ìgboro, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì múná. Ohun méjì ni mo fi ń díwọ̀n ètò: ìṣẹ́jú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò nínú omi, àti ohun tó lè ṣe lọ́jọ́ tó bá ṣèèṣì jábọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ká ní ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ìṣẹ́jú 10 bọ́ṣọ kó sì ṣan ara, yóò tún fi 10 mìíràn nura, wọṣọ, wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan tí kò rí. Ó ku 20. Bí ọmọ 12 bá tò sétí adágún, tí olùkọ́ kan ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó kan ọmọ kan kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ìyókù, òtútù ló ń mú un. Bí wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ẹ yọ àkókò ọ̀nà kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, mi ò kí ń béèrè bóyá wọ́n ní adágún. Mo ń béèrè pé ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, ọ̀sẹ̀ mélòó sì ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà nínú ọdún. Fún ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan, olùkọ́ kan sí ọmọ mẹ́fà ni mo lè fara mọ́; fún àwọn tó kéré gan-an, mẹ́rin. Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó dákẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, lọ́dọọdún ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ẹ̀kọ́ náà fúnra yín, kó má sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń retí àlejò. Ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ omi. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ́ni, nítorí olùkọ́ tó di ọmọ kan mú ti kẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo, kì í sì í juwọ́. Ẹnu rẹ̀ á wà ní ìpele omi, orí rẹ̀ á lọ sẹ́yìn, apá rẹ̀ méjèèjì á máa tẹ omi nílẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà tí kò sí níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60 ó lè ti wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ adágún pé kó fi ìṣẹ́jú àáyá 10 wo apá adágún tó ń ṣọ́ já, kó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ewu láàárín 20. Ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ fóònù, ẹ kà á sí pé kò wá síṣẹ́. Ẹ dúró síbi tó jókòó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìtànṣán oòrùn ń bo ìsàlẹ̀ omi.

Láti etí adágún kan náà, ẹ wá ìdérí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ibi tó jìn jù. Bí ẹ kò bá rí i kedere, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ omi ọ̀hún, torí ọmọ tó bá rì síbẹ̀ kò ní hàn. Ìdérí náà gbọ́dọ̀ pé, kó má sì mì, nítorí ẹ̀rọ tó ń fa omi lè fa irun tàbí ara ọmọ mọ́ ihò náà.

Òórùn chlorine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, tó ń ta sánsán, ọ̀pọ̀ òbí rò pé ìmọ́tótó ni. Irọ́ ni. Chlorine tó ti pàdé òógùn àti ìtọ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀, òun náà ló ń sọ ojú ọmọ di pupa. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò omi hàn yín: chlorine láti 1 sí 3 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí, láti 7.2 sí 7.8. Bí nọ́ńbà kan náà bá wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún odindi oṣù, tí bírò ibẹ̀ kò sì yí padà, ẹnì kan ló jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè òfin wọn lórí ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú. Kòkòrò Cryptosporidium tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè lò ju ọjọ́ méje lọ nínú omi tí chlorine rẹ̀ pé, nítorí náà ọmọ tí inú ń ṣe kò gbọdọ̀ wọ adágún rárá.

Omi ìdíje máa ń wà láàárín 25 sí 28°C. Ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ fẹ́ èyí tó sún mọ́ 30, torí ọmọ tí eyín rẹ̀ ń gbá pọ̀ kò lè kọ́ nǹkan kan.

Ní ti ohun tí wọ́n ń kọ́, ẹ gba ìwé ìpele wọn, kẹ́ ẹ kà á. Ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 ó kéré tán, kó mọ oríṣi ìwẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kó sì lè gba ara rẹ̀ là nínú omi, kó tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta yìí ni àwọn ilé-ìwé máa ń fò. Ní Netherlands, taṣọ-tabàtà lọmọ ń wọ omi nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ó sì bọ́gbọ́n mu: ta ló ń pààrọ̀ aṣọ kó tó ṣèèṣì jábọ́ sódò? Red Cross ti Amẹ́ríkà ka nǹkan márùn-ún: kó wọ omi tó bò ó lórí, kó yọ sókè, kó sì léfòó tàbí kó gbé ara ró fún ìṣẹ́jú kan, kó yí po láti wá ibi àbájáde, kó wẹ̀ tó yáàdì 25 débẹ̀, kó sì jáde láìlo àkàbà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fi ń dán ilé-ìwé wò. Ọmọ mélòó nínú kíláàsì ló lè fi apá ara rẹ̀ gun etí adágún jáde?

Bí ẹ bá rí rọ́bà atẹ́gùn lápá àwọn ọmọ jálẹ̀ ẹ̀kọ́, èmi ò gbà á wọlé. Ó ń mú kí ọmọ dúró ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ ìdùbúlẹ̀ gbalaja lèèyàn fi ń lúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bọ́ ọ, yóò fẹ́ dúró bó ṣe ń dúró, yóò sì rì. Pátákó àfọwọ́dìmú sàn jù. Èyí tó burú jù ni ìdíje ta-ló-máa-pẹ́-jù-lábẹ́-omi. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí jáde ló ń pọ̀ lára tó fi ń sọ fún ọpọlọ pé kó mí. Ọmọ tó mí kíákíá léraléra kó tó wọ abẹ́ omi ti lé e jáde, ó sì lè dákú kó tó mọ̀ pé èémí ń wọ́n òun. Olùkọ́ tó bá fàyè gba eré yẹn kò mọṣẹ́.

Aṣọ ìwẹ̀ tí ilé-ìwé ń tà náà yẹ ní wíwò. Búlúù àti funfun máa ń pòórá nínú omi. Àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò ló ń hàn láti òkè.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi sílẹ̀ dìgbà tí mo bá fẹ́ máa lọ ni ti kíka àwọn ọmọ. Kí wọ́n tó wọ omi, bí wọ́n bá jáde, àti kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀: ta ló ń kà wọ́n, orí ìwé wo ló sì ń kọ ọ́ sí? Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá wo olùkọ́, tí olùkọ́ náà sì wo ọ̀gá, ẹ ti gba èsì.