Amẹ́ríkà náwó, Gíríìsì ṣọ́wó ná: èwo ló sàn jù lẹ́yìn 2008?

Nígbà tí ọrọ̀-ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, Amẹ́ríkà ṣí àpò. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Obama buwọ́ lu òfin ìnáwó tó tó bílíọ̀nù 787 dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ ajẹpo rẹ̀ wá lè rí tó 4,500 dọ́là gbà lọ́wọ́ ìjọba lórí ọkọ̀ tuntun. Wọ́n á wá da kẹ́míkà sínú ẹ́ńjìnnì ti àtijọ́ kó lè kú pátápátá. (Oníṣòwò tòkunbọ̀ á káwọ́ lérí!)

Gíríìsì ò rówó ná ní tirẹ̀. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn tó ń yá a lówó ní Yúróòpù àti IMF (àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó) sì ní àfi kó dín ìnáwó kù. Ní 2012, wọ́n gé owó oṣù tó kéré jù láti 751 yúrò sí 586. Ẹni tí owó rẹ̀ já báyìí, kí ló fẹ́ fi ra bàtà? Oníbàtà náà ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, àìríṣẹ́ṣe tó ga dé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2009 ti wálẹ̀ sí 5 kí 2015 tó parí. Ti Gíríìsì kọjá 27 ní 2013. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà ló ń tẹ dọ́là fúnra rẹ̀, Gíríìsì ò lè dá yúrò tẹ̀. Gbèsè Amẹ́ríkà náà sì pọ̀ sí i. Síbẹ̀, tí ọjà bá tún dá, ti Amẹ́ríkà lèmi á mú.