Ìgò SMA tí mo rà: ó bu purotéènì mi tòun tọ̀rá

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi ọṣẹ DDM yọ AcrB kúrò lára awọ sẹ́ẹ̀lì E. coli. AcrB yìí ni purotéènì tí bakitéríà náà fi ń fa oògùn dànù kúrò nínú ara rẹ̀. Ọṣẹ ń yọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ ọ̀rá tó yí i ká dànù, bí ẹni fọwọ́ lásán mú ẹja lódò. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, ó ti dì, ó ti rọlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dùn mí débi pé mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù wa, níbí ní Leeds, ló ní, “Àbúrò, fi ọṣẹ yẹn sílẹ̀, lọ ra SMA.” Pólímà ni, styrene àti maleic acid ni wọ́n so pọ̀. Ní 2009 ni àwọn olùṣèwádìí ní Birmingham fi hàn pé ó lè gé awọ sẹ́ẹ̀lì sí róbótó róbótó, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi nanometer 10: purotéènì wà láàárín, ọ̀rá rẹ̀ yí i ká, pólímà wá ró mọ́ wọn bí àmùrè. Igbá ni wọ́n fi bu ẹja yẹn, tòun tomi.

Èyí tí styrene rẹ̀ jẹ́ méjì sí maleic acid kan ni mo rà. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti sè tán o! Anhydride, èyí tí wọn kò tíì sè, ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì ní láti fi sodium hydroxide sè é fún wákàtí púpọ̀ kó tó yòrò. Mo da gíráàmù 2.5 sí mílílítà 100, nínú omi Tris, tí kì í jẹ́ kí pH kúrò ní 8. Láàárín wákàtí méjì, omi awọ sẹ́ẹ̀lì tó ṣú bí omi ògì mọ́ kedere lójú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, AcrB mi kò tíì dì.

Magnesium ni ọ̀tá SMA. Mo ní purotéènì mìíràn tó ń jẹ ATP (èròjà agbára sẹ́ẹ̀lì), kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí magnesium. Bí mo ṣe fi kún un díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dì bíi wàrà tó rí ewé bomubomu. Bí pH bá rẹlẹ̀ ju 6.5 lọ, bákan náà ni. Styrene inú rẹ̀ tún ń gba ìmọ́lẹ̀ UV, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òǹkà UV ní nanometer 280 tí a fi ń wọn purotéènì. Jẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń wọn tèmi. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi Ni-NTA (ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ní nickel) mú purotéènì yín, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀, torí pólímà tó ṣẹ́kù kì í jẹ́ kó tètè lẹ̀ mọ́ ọn.

Pólímà mìíràn tó ń jẹ́ DIBMA fara da magnesium, kì í sì dí UV lọ́wọ́, àmọ́ lọ́wọ́ tèmi, ohun tó ń yọ kò tó ti SMA. Mo ti ra ìgò SMA kejì fún AcrB. DIBMA kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ, fún èyí tó ń jẹ ATP.